Ibi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi So Okùn Mọ́

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkàrẹ́, èmi ń ṣe tíṣà ní Ọ̀kà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni mo sábà máa ń lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á máa fi ègé pákó arère tó ṣẹ́kù gbẹ́ ẹja kékeré tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹja onígi yìí ló fi ń tan àrọ̀ jẹ nínú omi tí ìjọba sé lẹ́yìn ìlú. Á fi òjé sí i níkùn, á kùn ún ní ọ̀dà funfun, á sì fi ìwọ̀ kọ́ ọ lábẹ́. Èyí kì í pẹ́ ẹ. Ibi tí okùn yóò wà ló ń gba ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í so ó mọ́ ẹnu. Ẹ̀yìn orí, lókè, ló ń fi òrùka wáyà sí. Á jù ú sínú dùrọ́ọ̀mù omi, á fà á, á yọ ọ́, á sún wáyà náà síwájú bí ìwọ̀n orí ìṣáná, á tún fà á, títí yóò fi máa mi orí mi ìrù bí ẹja tó wà láàyè.

Ó fún mi ní ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò tíì ṣe èyí tó dáa tó o rí.

Mo wò ó nílé, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ta ni í fi ẹ̀yìn orí fa ẹja?" Mo kàwé, mo rò pé mo mọ̀ ju káfíńtà lọ. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù dí ojú ihò náà, mo kùn ún, mo wá fi wáyà tèmi sí i lẹ́nu gan-an.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ mẹkáníìkì jọ lọ sétí omi. Mo ju ẹja mi. Tààrà ló ń bọ̀ bí igi, kò mi orí, kò mi ìrù. Mo jù ú títí, bákan náà ni.

Mẹkáníìkì náà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹja lo gbẹ́ fún àbúrò rẹ ni, àbí ẹsẹ̀ àga?"

Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹja náà. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn orí rẹ̀. "Ṣé bí mo ṣe fún ọ nìyí?"

Ojú tì mí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá. Bí ẹ ṣe fún mi nìyí."

Ó ní bóyá ọwọ́ òun ló ṣì í.

Láti ọjọ́ náà, Ẹsẹ̀ Àga ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi létí omi. Ó kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́, mi ò sì la ẹnu mi.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Mo jókòó tì í lórí ẹní, mo jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà," ló wí. "Wáyà bàbà ni mo lò. Irin ni mo bá lẹ́nu ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Níwájú èèyàn? Tíṣà ni ọ́. Ṣé kí wọ́n máa pè ọ́ ní òpùrọ́ ni?"

Mo sunkún. Ó ní kí n lọ wá arère wá, òun á júwe ibi tí okùn ń wà fún mi. Jímọ́ọ̀ mẹ́rin la fi ṣe é. Èmi ń gbẹ́, ó ń fi ọwọ́ òsì tọ́ka: "Síwájú díẹ̀. Rárá, o ti sún un jù." Gbogbo èyí tí mo ṣe ló ń dojú dé nínú omi. Kí Jímọ́ọ̀ karùn-ún tó pé, ó ti kú.

Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, mo pe mẹkáníìkì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un.

"O ò bá ti sọ ọ́ nígbà tó ṣì ń bá wa lọ sétí omi," ló wí. Ó wá bàtà rẹ̀ láàárín tàwọn èèyàn, ó wọ̀ ọ́, ó lọ.