Ihò tí Bàbá Àgbà Kò Gbẹ́

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé kan ṣoṣo ló ní fídíò ládùúgbò wa, ilé Àlàájà tó ń ta aṣọ. Lọ́sàn-án Sátidé, a ó kọ́kọ́ bá a bó ẹ̀gúsí, a ó fọ ẹsẹ̀, kó tó gbà wá láàyè lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni fíìmù àwọn ọmọ-ogun òyìnbó tí ọ̀tá kó nígbèkùn. Irun wọn gún régé, wọ́n ń mu tíì, wọ́n sì ń fi ṣíbí gbẹ́ ihò lábẹ́ ilẹ̀ títí wọ́n fi sá lọ.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n kó nígbèkùn lójú ogun ń gbé inú ilé wa. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí bàbá mi, jagun ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, ọwọ́ àwọn ará Jàpáànì sì tẹ̀ ẹ́. Tí a bá ń mu gààrí pẹ̀lú àgbọn nírọ̀lẹ́, á sọ bí òun ṣe ń ru ẹrù wọn nínú òjò, bí ìrẹsì kò ṣe ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, tí wọn kì í sì í ṣa kòkòrò inú rẹ̀ kúrò, torí kòkòrò náà nìkan ni ẹran tí wọ́n rí. Lọ́jọ́ kan àwọn ẹ̀ṣọ́ sá lọ, Bàbá àtàwọn tó kù sì fẹsẹ̀ rìn jáde. Ó parí.

Lójú àwa tí a ti wo fíìmù, ìtàn yìí kò dùn. Èmi ọ̀yájú ọmọ ni mo là á mọ́lẹ̀ fún un: "Bàbá, irọ́ lẹ ń pa. Kò séèyàn dúdú láàárín wọn. A ti wò ó."

Ìyá mi fa etí mi, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè títí ìkọ́kọrẹ́ fi jinná. Bàbá kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ mú mi lọ wò ó."

Ní Sátidé kejì, Àlàájà gbé àga fún un. Ó wo fíìmù náà dópin. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Àwọn wọ̀nyí, ta ló ń ru ẹrù wọn?"

"Bóyá wọn ò lẹ́rù, Bàbá," ni Àlàájà dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìtàn Bàbá ti yí padà. Ihò wọ inú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ṣíbí wọ inú rẹ̀. Kí òjò tó dá lọ́dún náà, Bàbá ti ń gbẹ́ ihò kọjá lábẹ́ odò, tí ọ̀gágun òyìnbó kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Èèyàn ń ti Ayépé wá gbọ́ ọ. Ilé-ìwé wa pè é, tíṣà wa sì nu ojú nígbà tó débi ihò. Èmi náà pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ní, "Bàbá, ti ìrẹsì ńkọ́? Ẹ ò sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ojú mi rí, ẹ ní irọ́ ni. Èyí tí n kò rí lẹ gbà gbọ́. Ta ni kí n wá bá jà?"

Nígbà tó kú, wọ́n ka ihò náà mọ́ ìtàn ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Láyé ìgbà náà, èèyàn dúdú kò sí nínú fíìmù ìgbèkùn tí à ń wò rárá. Lóde òní, wọ́n ti tún un ṣe. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi gbé fíìmù ìgbèkùn tuntun kan wá lórí fóònù rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn: "Mọ́mì, ẹ wò ó, wọ́n ti fi wá sí i!" Lóòótọ́, dúdú kan wà láàárín wọn. Ó kọrin díẹ̀, ó fún òyìnbó kan ní búrẹ́dì tirẹ̀, ó sì kú kí ẹnikẹ́ni tó bi í lórúkọ. Mo sọ fún ọmọ mi pé tiwa, Bàbá Àgbà, kò kú síbẹ̀; ó kàn rìn wá sílé ni.

Ọmọ náà tún wo fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn náà dáa, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó wò ó?"