Sítíkà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti fi ṣe ara wọn lọ́ṣọ̀ọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, yálà adé tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ilé alájà mẹ́ta, n kò tíì rí èyí tí ọlá rẹ̀ tó ti sítíkà yunifásítì tí àwọn bàbá máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Kò gùn ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Kò mu epo, kò béèrè oúnjẹ. Bó ti wù kí ọkọ̀ náà gbó tó, kódà kí ilẹ̀kùn kan jẹ́ pupa kí ìyókù jẹ́ búlúù, bí sítíkà bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kíá ló di ọkọ̀ ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lórí títì márosẹ̀ á mọ̀ pé kì í ṣe ẹni lásán ló wà níwájú òun. Bí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ bá sì wà, ní Houston ó sì máa ń wà, onítọ̀hún á ní àǹfààní láti kà á ní àkàtúnkà.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́kọ́ mọ iyì sítíkà, láàárín àwọn ọdún 1980, ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Bí mo bá rántí ibẹ̀, òórùn ọ̀dà títì tí oòrùn ti yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé imú mi, kí òórùn tùràrí tó tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ni a sọ di ilé Ọlọ́run. Sùtánà funfun là ń wọ̀, o sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Nítorí náà, láti ìdí ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, eré ni tọmọdé tàgbà máa ń sá, à ń fò bí ẹni tó tẹ ẹyín iná. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tí dókítà ìjọ wa lẹ sítíkà tuntun mọ́ ọkọ̀ wọn, nítorí ọmọbìnrin wọn tó rí yunifásítì wọ̀, mo rí àgbà ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n dúró láìwọ bàtà lórí ọ̀dà yẹn. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n ń sọ èkejì kalẹ̀, wọ́n sì ń kàwé.

"Ẹ kú oríire o, Dókítà!"

"Ògo ni fún Ọlọ́run," ni dókítà wí, wọ́n sì fi etí sùtánà wọn nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

Bàbá mi wà lára àwọn mẹ́fà náà. Nínú wọn, bàbá mi ni wọ́n kẹ́yìn wọlé.

Bàbá mi ti fi ọdún díẹ̀ yàwòrán páìpù fún ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ọ̀nà Clear Lake, ní agbègbè ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí òfurufú. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí gbogbo Houston ń kérora, ilé iṣẹ́ náà ní kí bàbá mi máa lọ sílé. Iṣẹ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn náà ni ti ilé epo kan nítòsí ilé wa ní Gulfton. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n ń wọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi òwú kọ "Sam" sí i láyà, nítorí ọ̀gá ibẹ̀ ní orúkọ bàbá mi gùn ju àyè tó wà lọ. Bàbá mi a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. "Epo náà ni mo ṣì ń bá ṣiṣẹ́," ni wọ́n máa ń wí. "Mo kàn sún láti ìdí páìpù wá sí ẹnu rẹ̀ ni." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nínú ilé. Bí a bá wà níta, n kì í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì kọkànlá, ó ku ọdún kan kí n jáde girama. Olùkọ́ tó ń gba àwa akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní yunifásítì kan wà nínú ìlú wa tó máa ń gba àwọn ọmọ díẹ̀ tí orí wọn pé wọlé láì jẹ́ kí wọ́n ṣe kíláàsì kejìlá, pé bí mo bá fẹ́, kí n kọ̀wé sí wọn. Ó yẹ kí n ti ronú bóyá mo tó irú rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé ọmọ dókítà fi ọdún kan jù mí lọ, àti pé bí mo bá fo kíláàsì kan yìí, àwa méjèèjì yóò wọlé lọ́dún kan náà. Ìyẹn ni gbogbo ìfẹ́ ìmọ̀ tó wà nínú mi.

Ní ojú ewé kejì fọ́ọ̀mù náà, wọ́n béèrè iṣẹ́ bàbá. Mo jókòó tì í nídìí tábìlì ìdáná wa. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa wà lẹ́yìn àga tó kọjú sí mi, òórùn bẹntiróòlù kò tíì kúrò lára rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá mi ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wò ó títí. Mo wá fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ pé ẹnjiníà ni bàbá mi, ní Clear Lake, nídìí iṣẹ́ òfurufú. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe irọ́, pé òtítọ́ tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ni, mo kàn bù díẹ̀ kún un ni. Bàbá mi fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ láì kà á. Wọ́n gbà pé ọmọ tó ń gba irú máàkì tí mò ń gbà kò nílò ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Yunifásítì kọ̀wé pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀sán Sátidé kan. Bàbá mi tọrọ àyè wákàtí mélòó kan níbi iṣẹ́, wọ́n sì gba ibẹ̀ wá gbé mi. Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì pupa láti ojú fèrèsé.

"Dádì, ẹ ò pààrọ̀ aṣọ?"

"A ó pẹ́. Àbí èmi ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni?"

Ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ wa ti kú láti ọdún tó kọjá, nítorí náà a ṣí fèrèsé sílẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná sì tú irun tí màmá mi fi gbogbo àárọ̀ dì fún mi. Nígbà tí a dé ọgbà yunifásítì, àwọn igi ńláńlá wà lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ̀ka wọn pàdé lókè títì, òjìji wọn sì tutù lójijì bí ìgbà tí èèyàn wọ ilé olówó. Bàbá mi pa ọkọ̀, wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ má sọ̀kalẹ̀, Dádì. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń wọlé." Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí n jókòó sínú ooru yìí?"

"Kò ní pẹ́, sà."

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo àyà ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n sì fa ẹsẹ̀ wọn padà. "Ó dáa. O ò gbàgbé nǹkan kan?"

"Rárá, sà." Mo ti ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Obìnrin òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló gbà mí lálejò. Yàrá rẹ̀ tutù, ó ń rùn fún kọfí. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ràn láti kà, mo sọ ọ́ dáadáa, orí mi sì ń wú bí búrẹ́dì. Ó wá ṣí ojú ewé kejì.

"Mo rí i pé ẹnjiníà ni bàbá rẹ. Kí ni iṣẹ́ wọn gan-an níbẹ̀?"

Háà, ọ̀rẹ́ mi, mo ṣàlàyé! Mo gbé bàbá mi kúrò nídìí epo, mo gbé wọn sídìí páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ fún àwọn tó ń lọ sí òfurufú. Bí obìnrin náà bá fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, bàbá mi ì bá ti dé òṣùpá.

"Wọn ò ráyè tẹ̀ lé ọ wá lónìí?"

"Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́," ni mo wí.

Ó mi orí. Ó na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní àpòòwé tí máàkì mi àti lẹ́tà àwọn olùkọ́ mi wà nínú rẹ̀. Mo wo itan mi. Mo wo ilẹ̀. Kò sí àpòòwé. Bí mo ṣe la ẹnu láti tọrọ àforíjì ni wọ́n kan ilẹ̀kùn, bàbá mi sì wọlé, òógùn ń ṣàn ní ọrùn wọn, Sam hàn gedegbe láyà wọn, àpòòwé sì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ má bínú, mà," ni wọ́n fi èdè òyìnbó sọ. "Ó gbàgbé èyí sínú ọkọ̀."

Obìnrin náà wò wọ́n, ó sì yíjú sí mi. "Ta nìyí?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. "Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni," ni mo wí. "Dírẹ́bà. Òun ló gbé mi wá."

Bàbá mi kò bínú, ó kéré tán n kò rí ìbínú lójú wọn. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo àwòrán tí ìlà rẹ̀ kan kò pàdé èkejì. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni wọ́n sọ fún obìnrin náà. "Èmi ni mo gbé e wá." Wọ́n wá na àpòòwé sí mi.

Mo dìde láti gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, orúnkún mi méjèèjì sì kanlẹ̀. N kò rán wọn níṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn ni mo ti ń kúnlẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá mi, àwọn orúnkún wọ̀nyí kò sì mọ̀ pé a ti pààrọ̀ bàbá lọ́sàn-án yìí. Lórí kápẹ́ẹ̀tì òyìnbó náà ni mo wà, tí mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ẹ ṣé, sà."

Bàbá mi jáde, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé bó o ṣe ń ṣe sí gbogbo ẹni tó bá fi ọkọ̀ gbé ọ nìyẹn?"

"Àṣà wa ni."

"Àṣà tó dáa ni," ó wí, ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kò tún béèrè ọ̀rọ̀ òfurufú lọ́wọ́ mi mọ́.

Nígbà tí mo padà sídìí ọkọ̀, mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

"Ẹ̀yìn," ni bàbá mi wí.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ̀yìn ni ẹni tí dírẹ́bà ń gbé máa ń jókòó." Wọn ò gbé ohùn sókè. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo wọ ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n ti lẹ sítíkà yunifásítì náà mọ́ gíláàsì láti inú, lẹ́tà rẹ̀ kọjú sí títì, nítorí náà bí mo ṣe wò ó láti ibi tí mo jókòó sí, gbogbo rẹ̀ dojú kọ òdì. Afẹ́fẹ́ ti há sábẹ́ igun rẹ̀ kan, ó wú bí ìléròrò.

"Mo rìn dé ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà tí mò ń dúró dè ọ́," ni bàbá mi wí, ojú wọn wà ní títì. "Ìgbà tí mo tẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn yẹn láti lẹ̀ ẹ́ ni mo rí àpòòwé rẹ níbẹ̀."

Lẹ́tà yunifásítì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní kí n ṣe kíláàsì kejìlá mi, kí n dàgbà sí i, kí n padà wá. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá orúnkún mi wà nínú ìwé tí obìnrin náà kọ. Mo mú abẹ lọ sídìí ọkọ̀ láti ha sítíkà kúrò. Bàbá mi gba abẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Fi sílẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn àgbà ọkùnrin tún dúró láìwọ bàtà sídìí ọkọ̀ wa. "Ẹ kú oríire o, ọmọ ti wọ yunifásítì!"

"Rárá o," ni bàbá mi wí, tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè sílẹ̀ bíi tiwọn. "Wọn ò tíì gbà á. Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nípa ìgbàgbọ́ ni mo lẹ̀ ẹ́."

"Àmín o! A ti rí i gbà!"

Mo dúró lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ mi ń jó, n kò sì sá wọlé. Bàbá mi tó ń fi sítíkà ṣe fáàrí sọ òtítọ́ fún gbogbo ẹni tó béèrè.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí fọ́ọ̀mù tún dé, mo kọ ọ́ pé bàbá mi ń ta epo ní ilé epo kan ní Gulfton, mo sì gbé e fún wọn kí wọ́n kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n kà á pẹ̀lú sùúrù. "Kọ Sam sí i," ni wọ́n wí, "kí obìnrin yẹn lè rántí dírẹ́bà rẹ." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí wọ́n dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Yunifásítì náà gbà mí wọlé. Títí bàbá mi fi kú, n kò bẹ̀ wọ́n. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ilé, mo sì fi ṣe àwáwí fún ara mi pé ìkúnlẹ̀ yẹn ti tó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àwọn bàbá onísítíkà ṣe ẹlẹ́yà, lórí ìwé àti lẹ́nu, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. N kì í sọ fún wọn pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lásán ni àwọn bàbá yẹn lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, pé èmi ni mo lẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ bàbá mi láyà. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó wà ní kíláàsì kọkànlá kàn dárúkọ yunifásítì kan nígbà tí a ń jẹun. Ní ọjọ́ kejì mo ti ra sítíkà rẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò tíì kọ fọ́ọ̀mù kankan!"

Mo tẹ̀ síwájú lórí àga ẹ̀yìn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má ṣe há sí i. Èmi náà lẹ̀ ẹ́.