Orogún Inú Yàrá Orin

Kúlísúmù kò jowú rí láyé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba, wọ́n sì máa ń gbà á gbọ́, torí Rùfáì ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí obìnrin ń jà sí. Káfíńtà ni. Láti ṣọ́ọ̀bù dé mọ́ṣáláṣí, láti mọ́ṣáláṣí dé ilé, ó parí. Ká má purọ́, Kúlísúmù ò jowú rí torí pé kò rí ẹni tí òun ì bá jowú rẹ̀ ni.

Nígbà tí Naimat, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ sílé ọkọ ní Ìfọ́n, yàrá rẹ̀ ṣófo. Kúlísúmù ti rò ó pé ibẹ̀ lòun yóò máa kó ọjà òun sí. Kó tó la ẹnu, Rùfáì ti gbàbẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ ìgbórin àtijọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ń kó kúrò nílùú, pẹ̀lú àwo orin sákárà àti àpàlà ẹ̀kún páálí. Ó gba pákó gidi láti Òkèlúsè, ó fi kan àpótí sípíkà méjì tó ga dé àyà èèyàn. Ó fi fóòmù bo ògiri, ó ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé, ó tẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń sọ láti èṣí pé òun máa tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe! Ilẹ̀kùn ọ̀hún ṣì ń wọ́lẹ̀ dòní.

Nígbà tó ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ó kan àga. Ẹyọ kan.

“Èmi ńkọ́?” Kúlísúmù bi í. “Ibo ni kí n jókòó sí?”

Rùfáì fi ọwọ́ wọn àyè láti ara sípíkà kan sí èkejì. “Ojú kan ṣoṣo ni ohùn méjèèjì ti ń pàdé, Ìyá Naimat. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, àbọ̀ ló máa gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin yìí wọra.

Láti ìgbà náà, bí Rùfáì bá ti kí ìrun alásárì tán, ó di inú yàrá, ó di gbàgà. Kúlísúmù á yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́, á rí ọkọ rẹ̀ tó dijú, tó ń mi orí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ ẹ̀rín yẹn. Òun ló ni ín nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà. Ta ló wá kó o fún àpótí pákó? Owú dé wàyí, ó sì dé tìjà tìjà. Ó ń gbá gbogbo ilé, kò jẹ́ gbá ibẹ̀. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Bùbá tó ti fún un mọ́ra tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbò jọ̀ọ̀.

Àbẹ̀ẹ́bí, aládùúgbò wọn, ló wá fi epo sí iná. Ó wá yá odó lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ gòjé tó ń ké nínú yàrá, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Hẹ̀ẹ́, ìyàwó ń kọrin nínú ulé yín o! Ẹ kú oríire, Ìyáálé!”

Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Kúlísúmù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, ó gbé e jí. Bó bá jẹ́ ìyàwó ni, ṣebí ìyàwó lófin? Ẹni tó bá ní méjì, dọ́gba-ń-dọ́gba ni. Lọ́jọ́ tó bá kan ìyáálé, ọbẹ̀ ìyáálé lọkọ ń jẹ, ọ̀dọ̀ ìyáálé ló ń jókòó, ìyàwó ò sì gbọdọ̀ pè é.

Nígbà tí Rùfáì ti mọ́ṣáláṣí dé, Kúlísúmù ló bá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá orin.

“Bàbá Naimat, ẹ ti fẹ́yàwó, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ pín ọjọ́ fún wa.”

“Kí n pín kí ni?”

“Ọjọ́! Òní tirẹ̀, ọ̀la tèmi. Lọ́jọ́ tèmi, ẹ ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn yìí. Àbí ẹ kì í gbọ́ wáàsí Àáfà ni?”

Rùfáì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìgbà tó rí omi lójú obìnrin náà ló tó dákẹ́. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, kò sì lè jiyàn wáàsí.

“Ó tọ́,” ó ní. “Ọ̀la, tìrẹ ni.”

Lọ́jọ́ kejì, Kúlísúmù gúnyán, ó se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, ó lé tìróò. Rùfáì jẹun yó, ó ṣanwọ́, ó jókòó sí pálọ̀ bí ọmọlúàbí.

“Ṣé Naimat pè?” ó bi ìyàwó rẹ̀.

“Ó pè.”

“Ara wọn le?”

“Ó le.”

Ó tán. Fáànù ń yí. Rùfáì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kúlísúmù wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí. Ẹnu tó ń ta aṣọ fún gbogbo ìlú! Ìgbà náà ló wá yé e. Kì í ṣe orin ló kó ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wọn tipẹ́, ariwo Naimat ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ̀rù bà á gidi. Ló bá sọ èyí tó bọ́ sí i lẹ́nu.

“Kí lẹ tiẹ̀ máa ń gbọ́ níbẹ̀?”

Ojú Rùfáì là. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní ẹni tó ń ta gòjé yẹn, èèyàn máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó fa okùn. Ó ní ọ̀kan wà nínú àwọn elégbè tí kì í tètè gbe orin, pé àwọn yòókù á rọra fa ohùn gùn dè é, àfi bí ọmọ ìyá. Ó di ọwọ́ Kúlísúmù mú, ó ń fi ìka lù ú létẹ́lẹwọ́ kó lè mọ ibi tí ìlù ti ń wọlé. Ó pè é ní Kúlísúmù, kò pè é ní Ìyá Naimat. Oòrùn wọ̀, kò mọ̀.

Kúlísúmù ń wò ó. Ọjọ́ tirẹ̀ rèé, ọwọ́ rẹ̀ rèé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, orogún nìkan ló sì kún ẹnu ọkùnrin yìí. Inú ń bí i débi pé ó fẹ́ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Rùfáì dúró kó lè mí, ìró fáànù sì tún gba pálọ̀.

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?” Kúlísúmù sáré bi í. “Ẹ má dákẹ́.”