Omi Gbígbóná Lórí Ṣáàfù Pijó

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ Ajé ni màmá mi yóò sì wọ bàálù padà sílé. Láti ìgbà tí mo ti bímọ tí wọ́n ti wá tọ́jú èmi àti ìkókó, wọn ò rí nǹkan kan ní Dublin ju kíṣìnì wa ní Phibsborough lọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè: kí ọkọ mi fi Pijó rẹ̀ gbé wọn lọ wo òkun kí wọ́n tó lọ. Mo ní ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Dún Laoghaire létí òkun, kò sí wàhálà. Wọ́n ní, "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin?" Irú Pijó yẹn gan-an ni bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wà títí wọ́n fi kú. Ọ̀rọ̀ parí.

Pijó ọ̀hún wá ń dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ nígbàkigbà tó bá fẹ́ yà. Ọkọ mi ní ṣáàfù ló ti jẹ, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Ó ti ra òmíràn, inú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì tí a ń kó ìrẹsì sí, ló sì tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ gbà mí o! Ìgbà yẹn, owó ń ya lu ìlú ni. Kírénì kún ojú ọ̀run, gbogbo àdúgbò ń ra ọkọ̀ tuntun. Ọkọ tèmi ló lọ wá ọkọ̀ tó dàgbà jù mí lọ rà. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí, ẹ̀rín ló ń fi mí rín.

Láti àárọ̀ ló ti wà lábẹ́ ẹ̀ ní ọ̀nà kóóró ẹ̀yìn ilé. Ó ti tú táyà, ó ti tú nọ́ọ̀tù ńlá, ó kù kí ṣáàfù jáde nínú họ́ọ̀bù, irin tí táyà ń dúró lé, tó kì bọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Irin méjèèjì ti dípẹtà mọ́ra wọn. Ó da òróró sí i, ó lù ú, ó fà á, ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì, gbé òòlù ńlá wá, ó ní, "It'll be grand," pé gbogbo ẹ̀ máa dáa. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí ohun tó grand níbẹ̀.

Ọkọ mi ò tiẹ̀ lè bú irin náà bó ṣe fẹ́, torí àna ẹ̀ wà lójú fèrèsé. Nígbàkigbà tí màmá mi bá yọjú pé, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ó máa fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ti nà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, kì í ṣe àyà. Ló bá máa yí padà lábẹ́ ọkọ̀, á forí gbá irin, gbàù! "Ẹ ṣé, mà." Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá òyìnbó bi mí bóyá nǹkan ń ta á lábẹ́ ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi ọmú mi fi ń dà.

Nígbà tí ọkọ mi kírun Àìlà tán, ojú ẹ̀ ti fà ro. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Bóyá ká kúkú wọ ọkọ̀ ojú irin."  Màmá mi dìde, wọ́n lọ gbé omi kaná. Omi ikùn mi ni. Ẹni tó bá ti bímọ tí ìyá ẹ̀ sì wà nílé mọ omi yẹn: wọ́n á ri táwẹ́ẹ̀lì bọ inú ẹ̀ bó ṣe ń hó, wọ́n á fi tẹ ikùn rẹ, o ó sì pariwo. Bí mo ṣe rí ojú wọn ti bà mí nínú jẹ́, ìkòkò tún ń bọ̀. Inú bí mi burúkú.

Mo figbe ta: "Ẹ lọ dà á sórí irin tó ń ṣagídí níta yẹn! Ṣé èmi ni mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí òkun ni?"

Wọ́n wò mí. Mo ti ń retí ìfọ́tí. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn." Wọ́n so ìró wọn le, wọ́n gbé ìkòkò, ó di ìta. Ọkọ mi ń sá sẹ́yìn, "Mà! Mà!" Màmá mi ní, "Bisimilahi." Wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná wé họ́ọ̀bù náà bí wọ́n ṣe ń wé ikùn mi, wọ́n ń da omi lé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá òyìnbó wò ó títí, ó patẹ́wọ́: "Heat! She's right!" Ló bá sáré lọ gbé kẹ́tùlù tiẹ̀ náà wá.

Màmá mi ní, "Lù ú báyìí." Ọkọ mi fi igi lé orí irin, ó gbé òòlù sókè. Gbì! Kò mira. Gbì! Ó sún. Ó tún un lù, ṣáàfù yọ jáde wẹ́rẹ́.

"Alihamudulilahi!" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà ló fi lélẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá òyìnbó ń jó, èmi àti ìkókó náà ń jó. Màmá mi yẹ inú ìkòkò wò, wọ́n ní, "Omi tìẹ ṣì kù. Ó yá, wọlé." Haà! Ìyá yìí ò ní pa mí!

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ mi ti fi ṣáàfù inú press sí i. Lọ́jọ́ Àìkú, a gbéra. Ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn pé kí wọ́n jókòó bí olówó, wọ́n mi orí, wọ́n lọ wọ iwájú. Nígbà tí a dé Dún Laoghaire, òkun tẹ́ rẹrẹ níwájú wa, àwọn èèyàn ń rìn gbẹ̀fẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀, òkun rèé."

Wọn ò mira. Wọ́n ń fọwọ́ ra iwájú ọkọ̀ náà. "Gbogbo ọdún tí bàbá ẹ fi wa tiwọn," wọ́n ní, "àárín ẹ̀yin ọmọ àti ẹrù lẹ́yìn ni wọ́n máa ń fi mí sí. Mi ò jókòó níwájú rí." Wọ́n fọwọ́ kan apá ọkọ mi. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, máa wà á lọ díẹ̀ sí i."