Ọjọ́ tí Òkun Dọ̀bálẹ̀ ní Khor Fakkan

Òkun ti dọ̀bálẹ̀ fún mi rí. Kì í ṣe ọ̀sà o, kì í ṣe odò. Òkun ńlá gan-an, èyí tí ọkọ̀ tó kó ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹténà ń léfòó lórí rẹ̀ bí ewé. Ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bó ṣe rí mi báyìí, ó na gbalaja, ó fi iwájú orí kan yanrìn lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, bí ọkọ ìyàwó níwájú àna. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, o ṣeun." Ó dìde, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà, nítorí òkun tó ní ẹ̀kọ́ kì í kọ ẹ̀yìn sí àgbà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Sharjah ni títa ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì àlòkù. Industrial Area ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú fún ọ́ìlì, tí òòlù ń ké láti àárọ̀ títí dalẹ́ bí ẹni pé òun ni ẹyẹ ibẹ̀. Tí a bá ti ṣíwọ́, mo ń lọ sórí ibùsùn mi ní Abu Shagara. Mo ní ibùsùn, mi ò ní yàrá. Bedspace ni wọ́n ń pè é: ìwọ lo ni bẹ́ẹ̀dì tìrẹ, ẹlòmíràn ló ni èyí tó wà lókè orí rẹ, gbogbo yín lẹ sì jọ ni ìhanrun tó wà níbẹ̀.

Ọ́ìlì sí ibùsùn, ibùsùn sí ọ́ìlì, ayé mi nìyẹn fún ọdún púpọ̀. Ṣé ọkùnrin wá lè gbé fóònù sétí kó máa ròyìn ọ́ìlì fún ìyàwó rẹ̀? Ìyá àwọn ọmọ mi wà nílé ní Abẹ́òkúta, ó ń ránṣọ, ó ń tọ́ ọmọ, ó ń dá ilé gbé. Ó yẹ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó dùn létí. Mo bá sọ fún un pé etíkun kan wà ní Khor Fakkan, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá yìí, níbi tí òkè gíga ti ki ẹsẹ̀ bọ inú òkun. Mo ní ọ̀nà kan gba inú ikùn òkè náà kọjá. Mo ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ wẹ̀ níbẹ̀, pé àwọn apẹja ti mọ̀ mí, pé bí wọ́n bá ti rí fìlà mi lókèèrè, wọ́n á máa pariwo, "Habibi! Ọ̀rẹ́ wa! Máa bọ̀!"

Mi ò dé ibẹ̀ rí. Awakọ̀ ará Pakistan kan tó máa ń wá ra ọjà lọ́wọ́ wa ló ròyìn díẹ̀ fún mi, èmi ni mo fi ata àti iyọ̀ sí ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń sọ lórí fóònù yẹn náà: pé mò ń bọ̀ nílé. Pé kí ọyẹ́ ọdún yìí sáà parí, mo dé. Ọyẹ́ á wá, ọyẹ́ á lọ, ọyẹ́ mìíràn á tún dé bá mi ní Abu Shagara.

Àfìgbà tí ìyá wọn gba visa àbẹ̀wò láìsọ fún mi. Àwọn ọmọ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Dubai pẹ̀lú báàgì kan àti gaàrí, ó sì bojú wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n rán sí i. Mo wá yàrá kékeré kan tí a jọ máa lò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá wọn, mo fẹ́ rí etíkun yẹn."

"Etíkun wo?"

"Èyí tí ẹ ti ń wẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀. Àbí omi ibẹ̀ ti gbẹ?"

Mo ní oòrùn ti mú jù. Ó ní ṣé abẹ́ ibòòji ni òun ti wá ní Abẹ́òkúta ni. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé eré ti tán.

"Tíṣà kan fẹ́ gba yàrá yín nílé. Ó ti wá wò ó, ó fẹ́ràn fèrèsé rẹ̀. Mo ní kó fún mi láyè kí n kọ́kọ́ lọ wo ọkọ mi. Bí etíkun yẹn bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, màá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ṣeé gbé lé, pé bí ẹ bá ní ẹ ń bọ̀, ẹ ń bọ̀ nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tíṣà á kó ẹrù rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin náà á máa bá fóònù yín gbé."

Èmi tí mo máa ń bá oníbodè jiyàn títí á fi bẹ̀ mí pé kí n máa lọ! Mo ní a ó lọ. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé fèrèsé yẹn sí ògiri kí n tó kúrò nílé. Mo wá ń ro ti tíṣà kan tí yóò máa dùbúlẹ̀ gbádùn atẹ́gùn rẹ̀, tí yóò sì máa to ìwé jọ sí ibi tí mo fẹ́ gbé àga mi sí.

Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀, mi ò lè fi takisí tàn án. Ní Al Rigga ní Dubai, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń kó àlejò lọ wòran ní etíkun láàárọ̀, tó ń kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Mo gba àyè méjì.

Ìyá wọn ní, "Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀ tún ń wá afinimọ̀nà?"

"Òun ló máa ń tẹ̀ lé mi."

Bọ́ọ̀sì funfun ni wọ́n gbé wá. Afinimọ̀nà wa jẹ́ ará Íńdíà, ó ní túbọ̀mu tó bo ètè rẹ̀, ó mú àsíá kékeré kan lọ́wọ́, ó ń pariwo "Yalla! Yalla!" kí a tètè wọlé. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ìwọ̀nba tí kálukú ní. Ìyàwó mi kò tíì jókòó tó fi mú un lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ọkọ mi? Gbogbo Jímọ̀ ló ń wá síbi tí à ń lọ yìí."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó jẹ gbèsè àdúrà. Túbọ̀mu rẹ̀ mì díẹ̀.

"Háà, Ọ́ńkù!" ló wí. "Ta ni kò mọ Ọ́ńkù?"

Mo rò pé ó gbà mí là ni. Mi ò mọ̀ pé okùn ló ń hun.

Yanrìn la kọ́kọ́ rí, yanrìn pupa tí atẹ́gùn ti tò jọ ní òkìtì òkìtì. Nígbà tó yá, òkè yọ. Mo ní, "Ìyá wọn, wo òkè."

"Abẹ́ Olúmọ ni wọ́n ti bí mi. Ẹ má fi òkè dẹ́rù bà mí."

Bọ́ọ̀sì wa wá wọ àárín wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, Olúmọ ń bá èèyàn ṣeré: ewé ń hù lára rẹ̀, àwọn àgbà wa sá sábẹ́ rẹ̀ ó sì gbà wọ́n. Àwọn ti ibí yìí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Kò sí koríko, kò sí igi. Wọ́n ní àwọ̀ irin tó ti dípẹtà, wọ́n mú ṣóṣóró, ọ̀kan yọ lẹ́yìn ọ̀kan, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá sì dà bí èéfín. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ níwájú wa kéré bí èèrà. Ìyàwó mi di apá aṣọ mi mú, mo sì mọ̀ pé kò mọ̀ pé òun dì í mú.

"Ta ló kó gbogbo èyí jọ?" Ó rọra sọ ọ́, kì í ṣe èmi ló bi.

Ìgbà yẹn ni onítúbọ̀mu dìde. "Ẹ̀yin àlejò wa, àgbà kan wà nínú ọkọ̀ yìí tó mọ ibí ju èmi lọ. Ọ́ńkù, ẹ wá sọ ohun tó kàn fún wọn."

Ó sì gbé máíkì lé mi lọ́wọ́! Gbogbo ojú yí sí mi. Obìnrin òyìnbó kan tí fìlà rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ pàtẹ́wọ́.

Ìyá wọn ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ o. Jímọ̀ yín ti dé."

Mo gbá ọ̀fun mi mọ́. "Ẹ̀yin èèyàn, a fẹ́ wọ ikùn òkè báyìí. Ihò kan ṣoṣo ni. Tí a bá ti jáde, òkun."

Lóòótọ́ lóòótọ́, òkè lanu, ó gbé wa mì. Iná ń sáré kọjá lára ògiri. A jáde. Òkè la tún bá.

"Òkun dà?" ìyá wọn bi mí.

"Ó ń bọ̀."

Ihò mìíràn yọ níwájú.

"Ẹ ní ẹyọ kan ni."

"Wọ́n ti gbẹ́ òmíràn láti Jímọ̀ tó kọjá."

A wọ ìyẹn, a jáde, òmíràn tún là sílẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn, àná ni."

Afinimọ̀nà ti di àga mú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ihò tó tún tẹ̀ lé e kò fẹ́ parí mọ́. Inú ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí tíṣà ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọ yàrá mi. Mo gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń ha ilẹ̀ gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́. Mo ní ó ti parí fún mi.

Ìmọ́lẹ̀ dé.

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, tíṣà wa fi ṣọ́ọ̀kì búlúù kun òkun lójú pátákó. Mo jiyàn. Wọ́n ti mú mi dé Àpápá rí, mo ti rí òkun, àwọ̀ omi ìfọṣọ ló ní. Ó nà mí, mi ò sì gbà. Omi tí mo tún bá ní Deira ní Dubai, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ẹrù wa, kò yàtọ̀ púpọ̀, epo ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti darúgbó, mo ṣì gbà pé inú ṣọ́ọ̀kì ni búlúù yẹn wà.

Tíṣà mi kò parọ́. Ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, òkun sì kún gbogbo gíláàsì iwájú ọkọ̀, búlúù tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi fi ń ro mí. Òkè gbígbẹ wọ̀nyẹn tò yí i ká, wọ́n sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lóòótọ́, bí mo ṣe wí, bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì l'Abu Shagara tí mo wí i láìrí i. Ọkọ̀ ńláńlá dúró lókèèrè, kò sí ọ̀kan tó mì. Máíkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mímí mi ni gbogbo bọ́ọ̀sì ń gbọ́.

"Bàbá wọn, ẹ dákẹ́?" Láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ mi, kò tíì rí irú rẹ̀. Ó wá yíjú padà sí gíláàsì. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé bó ṣe rí nìyí?"

Wọ́n sọ wá kalẹ̀ sétí omi. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró rẹ̀ sókè. Àwọn apẹja kan jókòó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọn kò gbójú sókè.

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín nìyẹn?"

"Àwọn ti Jímọ̀ kọ́ nìyí."

Ibẹ̀ la dúró sí tí òkun fi ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tó rí mi, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyàwó mi rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, mo ti gbà yín gbọ́. Kí tíṣà wá yàrá mìíràn."

Inú yàrá náà ni mo ti ń kọ èyí, lójú fèrèsé mi. Mo ka ibi tí mo kọ ọ́ dé fún ìyá wọn nínú pálọ̀. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ta ló dọ̀bálẹ̀?"

"Òkun."

"Ẹ lọ kọ ọ́ dáadáa."

Ó dáa. Èyí tí mo fi kún un nìyí. Òkun kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí omi, mò ń nawọ́ sí ibi tí mo ti máa ń lúwẹ̀ẹ́ hàn án, ìgbì kan sì gbá mi lẹ́yìn orúnkún. Mo na gbalaja, iwájú orí mi kan yanrìn, fìlà mi ń bá omi lọ sí Íńdíà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni mo rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Ìgbà tí mo rí yín báyìí gbẹ̀yìn, iwájú bàbá mi ni. Kí lẹ wá ń tọrọ lọ́tẹ̀ yìí?"

Iyọ̀ kún ẹnu mi. Mo ní, "Yàrá mi." Mo tún ní, "Ìyá wọn, mi ò dé ibí rí."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ihò lánàá." Ó ń wo òkun, kò wò mí. "Irọ́ tí ẹ pa kò tiẹ̀ tó. Ẹ dìde, omi ń bọ̀."

Kò sọ pé òun gbà mí gbọ́. Èyí náà, èmi ni mo fi sí i. Ó ní kí n dìde ni, mo sì dìde. Kí visa rẹ̀ tó parí, mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi l'Abu Shagara fún ẹlòmíràn, a sì jọ wọ bàálù padà sílé.

Ìyókù, òkè yẹn, ihò wọ̀nyẹn, búlúù yẹn, mi ò fi nǹkan kan kún un. Mi ò kàwé tó ẹni tó lè fi kún un.