Èèpo Ẹ̀gẹ́ Nínú Gọ́tà Wa

Òórùn kíkan omi ẹ̀gẹ́ ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gàrí ni Màmá mi ń ṣe tà. Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ àwọn àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, omi rẹ̀ á sì máa kán tó, tó, tó. Àlejò á di imú. Ní tèmi, ebi ló máa ń pa mí.

Àárọ̀ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́dún tó ṣáájú, àgbàrá ti wọ ilé wa, ó gbé mi láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi àgbálùmọ̀ aládùúgbò, ibẹ̀ ni wọ́n ti fa aṣọ mi mú. Bí àwọn èèyàn bá wá kí wa, Màmá á ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Láti ìgbà náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, àyà mi á já. Bàbá mi sì ti pinnu pé bí omi bá tún wọlé, Ayépé la ó kó lọ. Ayépé dára, àmọ́ kò sí Tíṣà Ṣónúgà níbẹ̀.

Òun ló ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká, ọkùnrin gígùn kan tó máa ń ká ṣòkòtò sókè bí ẹni tó ń lọ pẹja. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà. Tíṣà ti ní kí oníkálukú mú ohun tó lè léfòó wá, ká jù ú sí gọ́tà iwájú ilé ìwé, ká sì sáré lọ dúró létí odò wo èyí tó máa kọ́kọ́ dé. A mú èèpo ọsàn wá, a mú ike àti ẹsẹ̀ sílípà kan. Gàníyù, tí ìyá rẹ̀ ń ra gàrí lọ́wọ́ Màmá, di gàrí sínú ọ̀rá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó so ó. Ó ní gàrí Ìjẹ̀bú kì í rì. Tíṣà ní bí kò bá rì, òun á ra ṣúgà.

A sáré. Ọlọ́kadà kan bi wá bóyá olè là ń lé. A dé etí odò, a dúró títí, ohunkóhun kò dé. Tíṣà ní ká tọ gọ́tà náà padà, a sì ń pariwo lọ títí dé ihò abẹ́ títì iwájú ilé wa. Gbogbo ẹrù wa ló sùn síbẹ̀ lórí òkìtì kan, ọ̀rá Gàníyù jókòó sókè bí ìjòyè. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni òkìtì náà. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń gbá a sí gọ́tà, á ní, "Omi á gbé e lọ."

Ariwo kú mọ́ mi lẹ́nu. Màmá jáde, ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi kò gbé e lọ. Èmi ló gbé."

Ó wo òkìtì náà, ó wò mí, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ so. "Àṣé èmi ni mò ń pe àgbàrá wọlé ara mi. Ẹ lọ gbé ṣọ́bìrì wá."

Òun àti Tíṣà wọ gọ́tà. A ń fi bàsíà gbé èèpo, ewúrẹ́ àdúgbò sì ń dé bí ẹni tí a pè síbi àsè. Nígbà tí ihò là, omi bú ṣùà! Sílípà lọ, ọ̀rá gàrí lọ, a tún sáré tẹ̀lé e, a ń fò, a ń ṣubú, a ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá Gàníyù ló gba ipò kìíní. Tíṣà kọ̀ kí a mu gàrí inú gọ́tà, àmọ́ Màmá bu tuntun fún wa, Tíṣà sì ra ṣúgà.

Òjò ńlá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń yọjú wo gọ́tà. Omi kọjá níwájú ilé, kò yà. Bàbá kò dárúkọ Ayépé mọ́.

Èmi náà ti di tíṣà báyìí. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń gbé báàgì mi sórí tábìlì, àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, tó sáré tẹ̀lé ọ̀rá gàrí, láyà ju èmi ti òní lọ. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni mo ń kó wọn lọ sí etí gọ́tà, tí èèpo ọsàn àkọ́kọ́ bá sì yọ létí odò, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fò sókè. Ọmọbìnrin kan bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Àńtí, ṣé ẹ kì í bẹ̀rù omi mọ́ ni?"

Mo ní mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ mọ ibi tó ń lọ.