Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Ọ̀kadà Sí Bàbá Lẹ́nu

Èmi ni mo ba ìpàdé yẹn jẹ́. Àwọn kan ní Bàbá ló ti darúgbó, pé kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Irọ́ ni. Èmi ni.

Ilé búrẹ́dì kan ní Aládé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń gé búrẹ́dì tí mo sì ń kó o sínú ọ̀rá. Bàbá ló ń dáná sí ààrò, òun ló sì dàgbà jù nínú wa. Alhájà ló ni ilé búrẹ́dì náà. Lọ́jọ́ kan ó ti Àkúrẹ́ dé, ó ní òun gbọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan pé ọ̀gá kì í dá ètò ilé iṣẹ́ ṣe mọ́. Ó ní kí gbogbo wa wá lọ́jọ́ Àìkú, ká sọ ohun kan ṣoṣo tó yẹ ká ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo mọ irú èèyàn tí a jẹ́. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó máa sọ òmíràn. Ẹnu Bàbá nìkan ni mo ní láti rí mú.

Ọ̀kadà ni mo fẹ́, kí n máa gbé búrẹ́dì lọ sí àwọn abúlé olóko kòkó, kí n sì máa tẹ hóònù lójú àwọn ọmọbìnrin abúlé Atosin. Ààrò ni Bàbá fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Ẹnu ààrò náà ti sán, èéfín ń fín Bàbá lójú láràárọ̀.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé.

“Bàbá, Alhájà ti pinnu láti ra ọ̀kadà o. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹ ṣáà má dárúkọ mi.”

Ó wò mí títí. “Ààrò ńkọ́?”

“Alhájà ní ààrò ló máa kàn.”

Lọ́jọ́ Àìkú, Alhájà ní kí Bàbá bẹ̀rẹ̀. Bàbá wúkọ́, ó ní, “Ọ̀kadà dára.”

Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ní, “Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ náà ni.”

Obìnrin tó ń bá wa ta búrẹ́dì ní, “Ààrò ni èmi ì bá sọ, ṣùgbọ́n Bàbá ti sọ̀rọ̀.”

Nígbà tó kàn mí, mo họ orí bí ẹni tó ń ronú. “Ta ni èmi tí màá bá Bàbá jiyàn?”

Inú Alhájà dùn. Ó ní òun ò mọ̀ pé ohùn wa ṣọ̀kan tó báyìí.

Alhájà ra ọ̀kadà náà, mo sì gùn ún dáadáa. Kò pẹ́ tí ẹnu ààrò fi wó. Èéfín bo gbogbo ilé, ojú Bàbá sì wú tí kò fi lè ríran fún ọjọ́ mélòó kan.

“Bàbá,” ni Alhájà wí, “ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti ààrò, ọ̀kadà lẹ ní ká rà.”

Bàbá kọ ojú tó wú náà sí apá ọ̀dọ̀ mi. Mo ń di búrẹ́dì, mi ò gbójú sókè.

“Mo ṣì í sọ ni, Alhájà.”

Wọ́n ti tún ààrò ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n tí a bá ń ṣèpàdé, Alhájà kì í bi Bàbá ní nǹkan kan mọ́. Mo jẹ Bàbá ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n sọ níwájú Alhájà àti gbogbo wa: pé ààrò ló ní lọ́kàn, èmi ni mo yí i padà. Ìpàdé méjì ti kọjá, mi ò tíì sọ ọ́.